Ẹyẹ Orí Òrùlé

Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kò parí sórí fíìmù.

Ọmọ ọdún 16 ni mí ní ọdún 1979, nígbà tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé fíìmù Aiyé jáde. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlaró, owó tí mo tọ́jú pamọ́ ni mo fi wọlé. Orin, ìlù, ijó, idán! Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Fún odidi oṣù kan ni àwa ọmọbìnrin fi ń kọ àwọn orin náà bí a bá ń lọ pọn omi.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ mi mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sílé. Orin náà ti wà lẹ́nu mi kí àwọn òṣèré tó dá a. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nígbà náà wá ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin bá fà mọ́ mi, ó ní, "Ìyá àgbà, ta ni àjẹ́ àdúgbò wa?" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, nítorí mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn rí.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa nígbà náà. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀kọ ni ó ń tà. Kò pẹ́ tí a wo fíìmù náà tán ni èéyi pa ọmọ kan ní ilé kejì sí tirẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí ó pa á. Èmi ni mo sọ pé mo rí ẹyẹ lórí òrùlé ìyá náà lóru. Irọ́ kọ́: òwìwí kan máa ń bà síbẹ̀ láti pa eku. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn tí ń gbọ́ mi yóò rò, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò ó. Láti ọjọ́ náà, wọn kò ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. Kí ọdún tó yípo, ó ti kó kúrò. N kò mọ ibi tí ó kú sí.

Ṣé Ògúndé ni ó jẹ̀bi? Rárá. Kò dárúkọ ìyá ẹlẹ́kọ fún mi. Eré fi ìbẹ̀rù sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi ni mo yan ẹni tí mo dà á lé lórí, mo sì yan ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò gbèjà rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Mo kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún púpọ̀, mo sì lè sọ pé ìṣirò òwe yìí kò pé. Pé nǹkan méjì tẹ̀lé ara wọn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ọdún 1979 kan náà ni ètò àjẹsára àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ èéyi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ọmọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń pè ní àbíkú, àrùn ẹ̀jẹ̀ ni. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ní oyún kọ̀ọ̀kan. Bóyá ohun tí ó pa àwọn ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ nìyẹn, tí a sì kà á sí i lọ́rùn.

Ní ilẹ̀ Yewa wa yìí, àwọn baba wa tí kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì a máa jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi bu ọlá fún àwọn ìyá àgbà. Ẹ̀rù wọn ń bà wọ́n, síbẹ̀ orin àti ijó ni wọ́n fi ń tù wọ́n lójú. Èmi tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí ni mo fi lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ?

Mo dá ọmọ-ọmọ mi lóhùn pé, "N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá dárúkọ ìyá kan fún ọ, wá sọ fún mi." A jọ wo fíìmù náà parí, a sì jọ kọ orin rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, orí wa ti funfun. Àwa náà ti dé ibi tí ìyá ẹlẹ́kọ wà. Ẹ jẹ́ kí á máa bẹ àwọn opó tí ń dá gbé wò, kí á sì máa ra ọjà wọn. Òfin kẹsàn-án mú irọ́. Mo gbà pé ó mú òótọ́ tí a sọ láti fi ba ẹlòmíràn jẹ́ pẹ̀lú. Kí Olúwa dárí jì mí, kí ó sì ṣọ́ ẹnu gbogbo wa. Àmín.