Kí Ni Ìwúlò Ìgbín Tí A Kò Lè Jẹ?

Bí a bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé wọ́n rí ẹranko tuntun kan níbì kan, kó tó béèrè orúkọ rẹ̀, á ti béèrè bóyá ó ṣeé jẹ. Mi ò ní tàn yín, ẹ̀yin ará, ohun tí èmi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn nígbà tí mo kà nípa ìgbín ẹlẹ́sẹ̀ irin. Ìbéèrè kejì ló wá gba oorun lójú mi: bí kò bá ṣeé jẹ, tí kò ṣeé tà, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì ní fojú rí i láéláé, ṣé a jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan?

Ọdún 2001 ni wọ́n rí ìgbín náà ní ìsàlẹ̀ Òkun Íńdíà, níbi tó jìn ju 2,400 mítà lọ. Oòrùn kì í débẹ̀. Omi gbígbóná tó kún fún irin àti imí-ọjọ́ ń tú jáde láti inú àpáta, ó ń rú bí èéfín dúdú, ẹ̀gbẹ́ omi yìí sì ni ìgbín náà ń gbé. Ìpẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ẹja. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí, èròjà irin àti imí-ọjọ́ ló tún bo ìpẹ́ ọ̀hún àti ẹ̀yìn ìkarahun wọn. Nínú gbogbo ẹranko tó wà láàyè, òun nìkan la mọ̀ tó ń fi irú èyí ṣe ìhámọ́ra. Kì í sì í wá oúnjẹ kiri: bakitéríà tó ń gbé ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń sè fún un.

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní 1977, àwọn onímọ̀ nípa àpáta wọ ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń jẹ́ Alvin lọ sí ìsàlẹ̀ òkun nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, ní nǹkan bíi 2,500 mítà. Omi gbígbóná ni wọ́n ń wá. Wọn kò mú onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí kankan dání, nítorí ta ni yóò máa gbé inú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀? Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ekòló ńláńlá, irú èyí tó lè gùn ju ènìyàn lọ. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú ibẹ̀ ní Ọgbà Édẹ́nì. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹ̀dá kò tó wọn, ni wọ́n bá fi vodka tí wọ́n rà ní Panama rẹ díẹ̀ lára ohun tí wọ́n kó jáde. (Ìlò vodka kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ wa lè fọwọ́ sí nìyẹn.)

Ekòló yìí kò ní ẹnu, kò ní ìfun. Báwo ló ṣe ń jẹun? Ní 1980, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard, Colleen Cavanaugh, dìde níbi tí onímọ̀ kan ti ń ṣàlàyé nípa ekòló náà, ó ní bakitéríà ni yóò máa bọ́ ọ láti inú. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa o! Òótọ́ ló sì sọ. Ekòló a máa fi ìyẹ́ pupa orí rẹ̀ gba èròjà imí-ọjọ́ tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́, májèlé tó lè pa èmi àti ẹ̀yin, a sì gbé e fún bakitéríà inú rẹ̀ kí ìyẹn fi ṣe oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.

Pupa ìyẹ́ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀jẹ̀ ló mú un pupa, nínú òkùnkùn biribiri, títí di ọjọ́ tí wọ́n tan iná ọkọ̀ sí i. Ta ló ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá? Nínú ìwé Jóòbù orí 38, Ọlọ́run bi Jóòbù nípa òjò tó ń rọ̀ sí aginjù tí ènìyàn kankan kò gbé. Bí mo ṣe ka orí náà sí, kò síbi tí Jóòbù ti gbọ́ pé nítorí tirẹ̀ ni òjò náà ṣe ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ti wá kúrò ní àròjinlẹ̀ lásán báyìí. Bàbà àti wúrà wà nínú àpáta tí omi gbígbóná yẹn ń kó jọ. Àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìsàlẹ̀ òkun, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kingston ní Jàmáíkà, ti fún àwọn orílẹ̀-èdè kan níwèé àṣẹ láti máa wá àlùmọ́ọ́nì kiri. Nígbà tí àjọ IUCN kọ ìgbín náà mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ní 2019, ibi mẹ́ta péré la mọ̀ tó ń gbé, ìwé àṣẹ sì ti wà lórí méjì. Ká kó ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò ju bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá gbọ́ èyí, ó bínú. Ó ní, "Bàbà ni wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Àwa tí a ò níná, ìgbín lo fẹ́ ká máa ṣàánú? Ṣebí Ọlọ́run ní ká jọba lórí ẹja òkun?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára, n kò sì fẹ́ fi ẹsẹ Bíbélì kan bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé lóru lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kàwé ní Jos níbí mọ ohun tí ìwakùsà máa ń fi sílẹ̀. Ẹ jáde lọ sí Bukuru tàbí Barkin Ladi, ẹ ó rí kòtò omi níbi tí wọ́n ti wa tánńganran láyé àwọn Òyìnbó amúnisìn. Tánńganran ti lọ, kòtò ṣì wà. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kòtò wọ̀nyí lẹ́nu láti fi ké, síbẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kò tíì dí. Ìgbín kò lẹ́nu tó lè fi ké sí Kingston.

Ní ti jíjọba, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 2, kí Ádámù tó gba ẹran kankan jẹ, a kó àwọn ẹranko wá fún un kó sọ wọ́n lórúkọ. Ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ tó fún ìgbín yìí ní orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní kíkún, Chrysomallon squamiferum. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà lorúkọ ọ̀hún wọ ìwé àwọn tó lè parun. Ẹni tó ń jọba lórí ohun tí kò tíì mọ̀, ìjọba wo ló ń ṣe?

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbà. Ó ní bó bá jẹ́ ìgbín ló dí iná lọ́wọ́, kí ìgbín yàgò. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ẹni tó ṣèlérí iná yẹn fún wa hàn mí. Nàìjíríà náà wà lára àwọn tó ń jókòó ní Kingston, a ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wá léèrè kí wọ́n tó lọ.