Má Gba Ọ̀pá Lọ́wọ́ Afọ́jú: Ìká Òfún àti Ìbò Àkàndá Ẹ̀dá

Nínú odù Ifá Ìká Òfún, àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún gbéra, ó di Ilé-Ifẹ̀, wọ́n lọ tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ifá ní ẹ̀mí wọn yóò gùn bí wọ́n bá pa ìkìlọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú ìkìlọ̀ náà ni pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Wọ́n délé tán, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi igbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa wọ́n. Ọ̀rúnmìlà ní ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀, ìkìlọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ló ń pa wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló ń túmọ̀ ẹsẹ yìí sí pé ká máa ṣàánú abirùn. Àánú dára, àmọ́ Ifá kò ní kí àwọn àgbà lọ ra ọ̀pá fún afọ́jú. Ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Gbígbà á ni èèwọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti yàtọ̀ sí ìtọrẹ, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ dúró wo ọ̀rọ̀ ìbò àkàndá ẹ̀dá ní Ìlúpéjú wa yìí, àti ní Mushin lápapọ̀.

Ìbò ni ọ̀pá ọmọ ìlú. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ti forúkọ sílẹ̀, tirẹ̀ ni. Ìkìlọ̀ pé ká má gbà á kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ fún àkàndá ẹ̀dá ní 2011, láyé Gómìnà Babatunde Fashola. Òfin yẹn ló bí LASODA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ fún àkàndá ẹ̀dá: ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san ₦100,000, iléeṣẹ́ yóò san mílíọ̀nù kan náírà. Òfin kan náà fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣàtúnṣe ọ̀nà àbáwọlé wọn. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti January 2024.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀pá ṣe ń kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ọ̀nà ni ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, ìjọba a máa dá ọkọ̀ dúró. Kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá ń rìn lọ. Arọ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gbé e lójoojúmọ́, ọjọ́ náà gan-an ló há mọ́lé. Bó bá fi àga onítáyà rẹ̀ ti ara rẹ̀ débẹ̀, gọ́tà ń dúró dè é. Pákó tí wọ́n tẹ́ lé gọ́tà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ. Àwa á fò ó kọjá láìfura, àmọ́ táyà méjì kò lè jọ gba orí rẹ̀. Bí kò bá sí géńdé tó máa gbé e tòun tàga, á padà sílé.

Ìwé ìdìbò ló tẹ̀ lé e. Ní Cappa, Òṣòdì, tí kò jìnnà sí wa, ni Nigeria Society for the Blind wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955. Ní Surulere, ilé ẹ̀kọ́ Pacelli ti ń kọ́ ọmọ tí kò ríran láti 1962. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba irú ibẹ̀ jáde ló ń fi ìka kàwé. Ẹ wá fún irú wọn ní ìwé ìdìbò ààrẹ ti 2023, tí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú 18 tò sí lára: pẹlẹbẹ ni, ìka kò rí nǹkan kan kà. INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní páálí Braille tí a ń ki ìwé náà bọ̀ kí ìka lè mọ ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Ghana ti lo irú rẹ̀ ní 2004. Ibùdó tí páálí yìí kò bá dé, a ti gba ọ̀pá níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Òfin Ìdìbò gba afọ́jú láyè láti mú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn wọlé, kó bá a tẹ̀ka. Ìlànà INEC kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìdìbò, aṣojú ẹgbẹ́ tàbí agbófinró ṣe é. Àmọ́ a mọ aṣojú ẹgbẹ́ tó máa sáré wá: "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, ẹ jẹ́ n bá yín tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́?" Ó béèrè rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Bí bàbá bá dáhùn, àṣírí ìbò ti tú. Bí kò bá dáhùn, ta ni yóò sọ ibi tí ìka lọ? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹnì kan lè ní: "Ní àdúgbò tiwa, a kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ni kò jáde." Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ló ni ìdáhùn yẹn. Òrìṣà mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ń pàdé, wọ́n ń gbìmọ̀, wọn kò ka Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, kún. Wọn kò lù ú, wọn kò gba nǹkan rẹ̀. Wọ́n kàn kò kà á ni. Òjò kọ̀, ẹbọ kò dà, ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni ọ̀nà là, ọmọ inú rẹ̀ ló sì wá di ẹni tó ń gbé ẹbọ wọn dé òde ọ̀run.

Ìká Òfún ní ká má gbà. Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá ní àìkàkún náà ń ba ìlú jẹ́. Ẹni tó jókòó sílé nítorí gọ́tà kò sí nínú ohun tí òṣìṣẹ́ INEC máa kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì ní pèsè fún un lọ́jọ́ mìíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé àti ayálégbé láti Town Planning Way dé Coker Road, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdìbò. Ẹ béèrè ojúlé sí ojúlé, ta ni kò lè dá rìn, ta ni kò ríran, ta ni kò gbọ́ràn? Ẹ kọ iye wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì INEC ní Mushin, kí páálí Braille àti ẹni tó mọ èdè adití lè dé lásìkò. Ẹ tẹ́ pákó gọ́tà ní ìfẹ̀ àga onítáyà. Bí aṣojú ẹgbẹ́ bá sì sáré wá gba ìwé lọ́wọ́ afọ́jú, ẹ dá a dúró. Òfin wà lẹ́yìn yín, Ifá náà sì ti sọ tirẹ̀.