Ẹ̀rí Ohun Tí Kò Tíì Ṣẹlẹ̀: Físà Àbẹ̀wò àti Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀

Òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá ń béèrè físà àbẹ̀wò, èyí tó sábà máa ń fàyè oṣù 6 sílẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò tòótọ́, ìyẹn ni pé yóò kúrò ní ìlú nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, kò ní fi lílọ-bíbọ̀ léraléra sọ ibẹ̀ di ilé, owó ọwọ́ rẹ̀ yóò sì tó gbọ́ bùkátà ìrìn àjò náà. Owó ṣeé kà, iṣẹ́ àti ilé sì ṣeé fi hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni pípadà sílé, inú ọkàn ẹni tó ń lọ ló sì wà. Ó yẹ kí a béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀rí wá nípa ohun tí kò tíì ṣe, àti irú ìdájọ́ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń bí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà. Olùbéèrè yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀, iye tó ń wọlé fún un lóṣù àti iye tó ń ná, àwọn orílẹ̀-èdè tó ti dé rí, àti bóyá ìjọba kankan ti fi físà dù ú rí. Yóò sanwó, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ibi ìgbàwé, bí irú èyí tó wà ní Èkó àti Àbújá, kí wọ́n lè gba àmì ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò láṣẹ láti dájọ́, ẹni tó láṣẹ náà kì í sì í sábà fojú kan olùbéèrè. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n fọ́tò ni ojú tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ yìí. Ìwé báǹkì àti lẹ́tà ibi iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ dípò ènìyàn, wọ́n sì ń gbèjà ẹni tó ń gba owó oṣù ju oníṣòwò tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ alájọ lọ.

Nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo kọ jáde ní 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò, a rí i pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nígbà tí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tàbí tó kà, bó ti wù kó dà bí òótọ́ tó, jẹ́ ìgbàgbọ́ títí tí a óò fi dán an wò. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n, ìgbàgbọ́ ni gbogbo ohun tó wà níwájú òṣìṣẹ́ físà. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀bi, nítorí ohun tó jọ òótọ́ jù ni òfin ní kí ó tẹ̀ lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìdánwò. Bí ó bá fún ènìyàn ní físà tí onítọ̀hún kò sì padà, àṣìṣe náà yóò hàn. Bí ó bá kọ̀, tí olùbéèrè sì jókòó sí Ìbàdàn, kò sí ohun tí yóò fi hàn láéláé pé ẹni náà ì bá padà. Àṣìṣe fífúnni ní àkọsílẹ̀, àṣìṣe kíkọ̀ kò ní, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni ìdájọ́ ti ń kọ́gbọ́n. Ẹni tí wọ́n fi físà dù yóò sì ní láti kọ kíkọ̀ náà sínú fọ́ọ̀mù tuntun bó bá tún fẹ́ béèrè. Báyìí ni ìgbàgbọ́ tí a kò dán wò ṣe ń di ẹ̀rí.

Láti 2015 títí di oṣù kẹjọ 2020, kọ̀ǹpútà ló ń pín àwọn ìwé ìbéèrè náà sí àwọ̀ ewé, ọsàn àti pupa bí ewu wọn ṣe tó lójú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè olùbéèrè sì wà lára ohun tó ń wò. JCWI àti Foxglove, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú àti àjèjì, pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kíkọ̀ àtijọ́ ń di ìdí fún kíkọ̀ tuntun; ìjọba pa ètò náà tì kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí àwọn tó ń lọ bẹ ẹbí wò ní ti parẹ́ láti 2013, àfi lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà fún àlejò: Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, kọ ní 1795 pé ẹ̀tọ́ àbẹ̀wò yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú, àti pé kò yẹ kí a fi àjèjì ṣe ọ̀tá níwọ̀n ìgbà tó bá hùwà àlàáfíà. Ó gbà pé a lè dá a padà, bí kò bá ní tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣègbé, ṣùgbọ́n ìwà ló fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ohun tó wà nínú ọkàn. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sún mọ́ èyí: ará Èkó lè lo 90 ọjọ́ ní Kútọnu tàbí Lómé láìgba físà.

A kò lè sọ pé ìkà ni ìṣọ́ra ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti Nàìjíríà lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, dípò kí ó kàn gbà gbọ́, yóò ní láti fún díẹ̀ lára àwọn tó ń ṣiyèméjì sí ní físà, kí ó sì ka iye wọn tó padà sílé.