Ẹbọ inú náílọ̀n



Orí ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo rú ẹbọ fún ọmọkùnrin kan ní Pedro níbí. Ifá ní kí wọ́n gbé e lọ sí odò tó ń ṣàn. Mo dì í sínú náílọ̀n dúdú, mo ní kó máa lọ. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, náílọ̀n kan ti há sí ẹnu gọ́tà àdúgbò wa, ẹyẹlé àti ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀. Ẹbọ wa ni. Omi ti ya wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta gàárì.

Mo pe ọmọ náà. Kò jiyàn. Ó ní, "Bàbá, odò tó ń ṣàn lẹ sọ. Mo wò ó pé omi gọ́tà ń ṣàn, ọ̀sà ló sì ń lọ." Ṣé ẹ rí i pé kò parọ́? Ọ̀sà ni omi wa ń ṣàn sí lóòótọ́, níbi tí àwọn apẹja ń gbé létí omi Bàrígà. Èmi ni mo fi náílọ̀n dì í. Èmi ni mi ò ṣàlàyé.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ẹbọ yẹn, ṣé ó fín? Gbogbo ohun tí Ifá béèrè la fi rú u. Ọkàn wa mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa ire tí à ń wá ti bá wa san nínú owó ẹbọ, gàárì rẹ̀ ló fi san án.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó jù mí lọ nínú iṣẹ́. Bàbá ní kí n má da ara mi láàmú, omi kì í kọ ẹbọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Láyé àwọn tó kọ́ wọn, kí ni wọ́n fi ń gbé ẹbọ? Ewé ni, igbá ni, àpáàdì ni. Omi àti ilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ìyẹn. Náílọ̀n ńkọ́? Ọdún tí a bá fẹ́ kó lò nínú ẹrọ̀fọ̀ ni yóò lò.

Nínú Ọ̀ṣẹ́ Túrá, àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wá tún ayé ṣe kò kó iṣẹ́ wọn dànù o. Wọ́n la igbó, wọ́n ṣe orò, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀ṣun nìkan, tó ṣe ìkẹtàdínlógún wọn, ni wọn ò kà sí. Kò sí ohun tó gún. Òjò kọ̀, inú obìnrin kọ̀. Àfìgbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ bíbọ̀wọ̀ fún obìnrin ni mo máa ń fi í ṣe, ìyẹn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náílọ̀n yẹn, mo ń rí nǹkan mìíràn: èèyàn lè máa bọ Ọ̀ṣun kó má ka omi Ọ̀ṣun sí.

Ẹ wo Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun wà síbẹ̀ nítorí pé èèwọ̀ ni: ẹnì kan ò gbọdọ̀ gé igi, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dẹ ọdẹ, ẹnì kan ò gbọdọ̀ pẹja. Nígbà tí èèwọ̀ ń yẹ̀, tí wọ́n ń gégi tí wọ́n sì fẹ́ gba ilẹ̀ ibẹ̀, Susanne Wenger tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà bá àwọn aláwo àti àwọn oníṣẹ́ ọnà dúró tì í. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ibi àjogúnbá ní 1965, UNESCO tẹ̀ lé e ní 2005. Bẹ́ẹ̀ náà, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi náà di pupa bí ẹrọ̀fọ̀. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùsìn kí wọ́n má mu ún. A bínú gan-an, èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ awakùsà àti èmi, yàtọ̀ sí pé tèmi kéré? Àwa méjèèjì wà lókè, ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ n fi kún un díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980, odò Ògùnpa ya n'Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ilé tí wọ́n kọ́ sí ipa odò wà lára ohun tó fà á, pàǹtírí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìjọba Buhari àti Ìdíàgbọn ní ká máa gbá àyíká lóṣooṣù. A ń gbá a, nítorí ẹ̀rù sójà. Nígbà tí Èkó fagi lé òfin kónílé-ó-gbélé lọ́jọ́ ìmọ́tótó ní 2016, mélòó nínú wa ló tún gbé ṣọ́bìrì? Èèwọ̀ Òṣogbo ò ní ọlọ́pàá, ó sì pẹ́ ju òfin sójà lọ fíìfíì. Ó ṣe mí bíi pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa aláwo: àwa la mọ èèwọ̀ kà fún èèyàn, kí ló dé tí gọ́tà ò sí nínú rẹ̀?

Èmi ti kà á fún àwọn tèmi. Ẹni tó bá gba ẹbọ nílé mi báyìí, ewé ló máa fi gbé e lọ, n ó sì sọ odò tó máa lọ fún un ní orúkọ. Bó bá kó náílọ̀n wá láti ọjà, yóò kó o padà sílé. Àwọn kan ń rojọ́ pé ewé ń jò sí wọn lára nínú dáńfó. Mo gbọ́.

Ọmọ ẹlẹ́bọ yẹn bi mí pé, tí òun bá yọ tòun kúrò, tí gbogbo àdúgbò ṣì ń dà tiwọn, kí lèrè? Mo ní mi ò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n gbèsè ìyá onígàárì ò sí lọ́rùn gbogbo àdúgbò, ọrùn àwa méjèèjì ló wà. A lọ bẹ̀ ẹ́, a sì san án. Lẹ́yìn náà a kó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà jọ, a kó gọ́tà náà láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé kọ̀nà.

Àṣìṣe kan la tún ṣe: etí gọ́tà náà la kó ẹrọ̀fọ̀ sí. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé òjò kan ṣoṣo ni yóò dá a padà. Ó ti ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fẹ́ lọ wá ọmọlanke.