Ìlérí Tí A Ṣe fún Abiyamọ

(Akin ń fi dátà ìlera ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.)

MÀMÁ: A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Síbẹ̀, nínú ìwádìí DHS lórí ìlera àti iye ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, obìnrin tó lé ní 41,000 ka gbogbo ọmọ tí wọ́n bí fún àwọn Àjọ Ìkànìyàn, títí kan èyí tó kú. Ta ló ní kí ẹ wá kó o fún gbogbo ayé?

AKIN: Kò sí orúkọ níbẹ̀, Màmá. Àmì ibi tí àdúgbò wà gan-an, wọ́n ti sún un kúrò: ó lè tó kìlómítà 2 nígboro, 5 ní ìgbèríko. Ẹni tó bá sì fẹ́ dátà náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

MÀMÁ: Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ni mò ń sọ. Kí wọ́n tó bi obìnrin náà ní nǹkan kan, wọ́n máa ń kà á sí i létí pé ohun tó bá sọ kò ní kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Ṣé ìwọ wà lára wọn?

AKIN: Rárá, mà. Ohun tí ìlérí yẹn ń dáàbò bò ni pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé obìnrin náà ló sọ ọ́.

MÀMÁ: Ohun tí wọ́n kà fún un kọ́ nìyẹn.

AKIN: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú àkọsílẹ̀ yẹn la ti mọ̀ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, 132 ló ń kú nígbà yẹn kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Bí a bá tì í pa, olùwádìí mìíràn á tún kanlẹ̀kùn, á tún ní kí ìyá náà sọ bí ọmọ ṣe kú. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó sunkún ọ̀hún.

MÀMÁ: Mo gba ìyẹn. Ẹkún bẹ́ẹ̀ ti ṣojú mi. Níbo wá ni kọ́kọ́rọ́ wà? Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó tí wọ́n fi ń gbé ètò DHS ró dúró ní oṣù kejì 2025, wọn ò dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé lóhùn nígbà náà. Ọmọ Ìbàdàn tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ọmọ n'Íbàdàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àjèjì.

AKIN: Mi ò lè jiyàn. Ibi ìpamọ́ tiwa ló yẹ kó wà, tí owó ilé yìí ń gbé ró.

MÀMÁ: Kí ẹ sì tún ìwé tí ẹ ń kà yẹn kọ. Ẹ sọ fún un pé àwọn ẹlòmíì yóò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.