Ta Ni Yóò San Owó Aṣọ Tí Ọmọ-Iṣẹ́ Bà Jẹ́?

Aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi aṣọ oníbàárà kọ́ ọmọ-iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Àkísà ni yóò kọ́kọ́ fún un; lẹ́yìn àkísà, àpò ṣòkòtò; lẹ́yìn àpò, ẹ̀wù ọmọdé; ó lè di ọdún kejì kí a tó gbé aṣọ òkè lé e lọ́wọ́. Bí ó bá sì ṣe èèṣì gé aṣọ náà kúrú, oníbàárà kì í bá ọmọ náà rojọ́. Ọ̀gá ni yóò dáhùn. Ọ̀gá ni yóò ra òmíràn dípò rẹ̀. Àwa tí a dàgbà láàárín irú ètò bẹ́ẹ̀ kò kà á sí ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá ń ro àṣà kan tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àṣà náà ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa òwò a máa lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, wọn a yẹ ìṣòro ibẹ̀ wò, wọn a sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Olùkọ́ a fún wọn ní máàkì, a ó sì ka iṣẹ́ náà mọ́ ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi gba oyè. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ tí ń ran àwọn oníṣòwò kékeré lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ gba irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn, pẹ̀lú olùkọ́ tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Ní 1992 ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì Michigan, ní ìlú Ann Arbor, dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń kàwé fún oyè MBA: ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan ń fi ṣe iṣẹ́ yìí nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ Sloan ti MIT tẹ̀ lé e ní 2000, ó ń rán tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún. Harvard pàápàá, tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ inú ìwé kọ́ni, fi irú èyí kún un ní 2011.

Àwa kò ní sọ pé àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ṣìnà. A kì í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú ìtàn inú ìwé, gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ni a ti tò sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọ́fíìsì tòótọ́, yóò rí i pé ìwé ìṣirò owó kò pé, pé ọ̀gá kò fẹ́ kí a mọ ohun tí ó mú kí èrè dínkù, àti pé akọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ni ó mọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí èyí ní ẹ̀ẹ̀kan kò tún lè jẹ́ ọmọdé mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ̀ bí ó ti ṣòro tó láti rí ẹ̀kọ́ tí ó lè ṣe ohun tí èyí ń ṣe.

Àwọn kan ń bínú nítorí owó. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ó lè lọ sìn ní ilé-iṣẹ́ olówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fojú fò, ṣùgbọ́n àwa kò rò pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà wà. Ní 2018 ni ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ gba ìlànà kan nípa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́ láìgba owó: kí a wo ẹni tí iṣẹ́ náà ṣe láǹfààní jù, akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí agbanisíṣẹ́. Ohun méje ni a ní láti gbé yẹ̀wò, ọ̀kan nínú wọn sì ni bóyá a ka iṣẹ́ náà mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni méjì péré ni ó kà. Ẹnì kẹta ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ rò ó. Ká ní ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ní ìlú ńlá kan níbẹ̀, tí ó ní ilé ìdáná mẹ́rin tí ó fi ń bọ́ àwọn arúgbó. Owó kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dé, olóye ènìyàn ni gbogbo wọn, wọn kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Wọ́n ka abọ́ oúnjẹ, wọ́n ka iye tí a ń san lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ilé ìdáná kan ń ná ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù ń ná. Wọ́n ní kí a tì í pa, kí a máa fi ọkọ̀ gbé oúnjẹ dé àdúgbò náà. Ìṣirò wọn pé. Olùkọ́ fún wọn ní máàkì tí ó ga jù lọ, wọ́n gba oyè, kálukú sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni a ti ilé ìdáná náà. Ìgbà náà ni ó tó hàn pé kì í ṣe nítorí oúnjẹ nìkan ni àwọn arúgbó fi ń wá síbẹ̀. Pé obìnrin tí ń dáná níbẹ̀ fún ogún ọdún ni ó ń mọ̀ bí ẹnì kan kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, tí yóò sì rán ènìyàn lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Awakọ̀ kò lè ṣe èyí, nítorí ilé ogójì ni ó ní láti dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ta ni a ó bi? Àwọn márààrún ti lọ. Máàkì wọn kò sì lè dínkù mọ́.

Ẹnì kan yóò wí pé ẹgbẹ́ náà lè kọ ìmọ̀ràn náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó ní àwọn agbaninímọ̀ràn tirẹ̀, ó sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, kí ó ti ìwé wọn bọ inú dúrọ́ọ̀, kí ó má sì wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré kò ní irú òmìnira yìí. Ìwé tí ó ní òǹtẹ̀ yunifásítì olókìkí lórí kì í ṣe ìwé lásán. Bí àwọn tí ń fi owó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ bá gbọ́ pé a kọ̀ ọ́, wọn yóò béèrè ìdí. Nítorí náà, ibi tí ìmọ̀ràn tí kò gún ti lè ṣe ìpalára jù ni ibi tí ó ti ṣòro jù láti kọ̀ ọ́. Èyí ni ó ń dùn wá.

Máàkì náà tún ní ewu tirẹ̀. Níbi tí olùkọ́ bá ti ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bí iṣẹ́ náà ti rí lójú rẹ̀ kí ó tó fún wọn ní máàkì, ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ fún ọ̀gá pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ìṣòro náà. Àwọn ènìyàn a máa dárúkọ Rèhóbóámù bí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé ìmọ̀ràn ọmọdé kò dára. Lójú tiwa, ẹ̀bi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe pé wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, bí kò ṣe pé wọ́n sọ ohun tí etí ọba ń fẹ́ gbọ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ó mú wa lọ́kàn le. C. K. Prahalad, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Michigan títí ó fi kú ní 2010, rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ wo àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ń sin àwọn tálákà. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ wà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2004. Ọ̀kan nínú ibi tí ìwé náà sọ ìtàn rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ojú Aravind ní ìlú Madurai, tí Dókítà Venkataswamy dá sílẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì 11, níbi tí owó àwọn tí ó lè san ti ń gbé ìtọ́jú àwọn tí kò lè san. Níbẹ̀, olùgbọ́ ni àwọn ọmọ yunifásítì. Bí ètò SIWES ti àwa náà ti rí nìyẹn, láti 1973 tí a ti dá a sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ a lọ jókòó lábẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́, kì í ṣe òun ni yóò tọ́ ọ̀gá sọ́nà. (Pé àwọn ọ̀gá kan ń fi wọ́n ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń ra oúnjẹ jẹ́ ọ̀ràn ọjọ́ mìíràn.)

Àwa kò wí pé kí a fi òpin sí àṣà náà. Ohun tí a rò pé ó tọ́ ni kí a má ṣe ya máàkì kúrò lára ohun tí ìmọ̀ràn bá bí. Kí olùkọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kì í ṣe orúkọ àwọn ọmọ nìkan. Kí ó sì padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, bí àwọn tí ó kọ ọ́ tilẹ̀ ti tú ká. A mọ̀ pé yóò ná an ní àkókò, àti pé kò sí yunifásítì tí yóò fẹ́ san owó ìrìn-àjò náà. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú bá rí irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbà, ẹ má ṣe lé àwọn ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìdáná, kí wọ́n máa bu oúnjẹ, kí wọn má ṣe ka ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi olùkọ́ wọn pé ọjọ́ wo ni yóò padà wá.