Ta Ló Mọ Ohun Tó Ń Mi Ọkọ̀?

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tí sítíárìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, àmì ti dé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò hàn. Ní ìlú New York, àmì náà pàápàá lè pẹ́ kó tó yọjú. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni òfin ìlú náà ti fi eré ọkọ̀ mọ sí máìlì 25 ní wákàtí kan ní òpópónà tí kò bá ní àkọlé mìíràn. Ọkọ̀ tó ń rìn báyìí láti Bronx dé Brooklyn lè má gbọ̀n rárá. Ọjọ́ tó bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Major Deegan, tó sáré, tí ọkọ̀ iwájú sì dúró lójijì, ọjọ́ náà ni ohun tó ti wà nínú rẹ̀ yóò jáde. Ẹni tó yẹ ọkọ̀ náà wò ládùúgbò lè fi òtítọ́ inú sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ yìí ju ti ọkọ̀ lọ: kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti ṣe kó tó lè sọ pé òun mọ ohun tó fa nǹkan?

Ìdáhùn tó yá jù lẹ́nu ni pé dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, ti gbóná jù, ó sì ti tẹ̀. Carroll Smith, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ìdíje ọmọ Amẹ́ríkà, ta ko èrò yìí gidigidi, òótọ́ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá lára irú dísìkì bẹ́ẹ̀ ni pé apá kan nípọn ju apá kejì lọ. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà tó láti mi ọkọ̀, èyí kò sì tó ìdajì fọ́nrán irun orí. Bí páàdì, ohun tí bíréèkì fi ń dá dísìkì dúró, bá di dísìkì mú, ibi tó nípọn á tì í padà, ibi tó fẹ́lẹ́ á sì tún dẹ̀ ẹ́. Lórí eré máìlì 60, táyà ọkọ̀ kékeré ń yí tó ìgbà mẹ́tàlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni ọwọ́ awakọ̀ fi ń gbọ̀n lórí sítíárìn.

Ṣùgbọ́n kí ló mú kí apá kan nípọn ju èkejì? Ó lè jẹ́ pé awakọ̀ sáré wá, ó tẹ bíréèkì gidi, ó sì fẹsẹ̀ mọ́ ọn bó ti dúró tán, tí nǹkan ara páàdì sì lẹ̀ mọ́ dísìkì gbígbóná lójú kan. Ó lè jẹ́ pé irin tó ń jẹ́ kí kálípà, ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, máa lọ síwá-sẹ́yìn ti dípẹtà, kò sì tú páàdì sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ de nọ́ọ̀tì táyà lè ti de ọ̀kan le ju ìyókù lọ. Èyí tó sì bá New York mu jù lọ ni ti iyọ̀. Nígbà òtútù ni ìlú ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń mú kí họ́ọ̀bù, irin tí dísìkì jókòó lé, dípẹtà. Ìpẹtà bíńtín láàárín họ́ọ̀bù àti dísìkì ti tó láti mú kí dísìkì máa yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ojú kan náà ni yóò máa fara kan páàdì nígbà gbogbo, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ bíréèkì, títí ojú ibẹ̀ yóò fi jẹ.

Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Bí mẹkáníìkì kan ní Jerome Avenue ní Bronx bá pààrọ̀ dísìkì, tí kò sì ha ìpẹtà ara họ́ọ̀bù, gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ á sanwó, á sì dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún dé, wọ́n á wá ní dísìkì tuntun náà ni kò dára. Ìwòsàn ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ti àṣìrò lẹ́yìn. Pé ara ọkọ̀ balẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé a mọ ohun tó ń ṣe é.

John Dewey, tó kọ́ni ní ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Columbia ní New York láti ọdún 1905, tẹ ìwé How We Think jáde ní 1910. Àpẹẹrẹ kan tó mú wá níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò lójoojúmọ́, tó ń rí ọ̀pá funfun gígùn kan tó yọ síwájú lókè ọkọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀pá àsíá ni, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí wọ́n lè fi fa àsíá sókè níbẹ̀. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kí wá ni àwọn ọkọ̀ mìíràn tí kò bìkítà fún ọ̀ṣọ́ ń fi irú rẹ̀ ṣe? Nígbẹ̀yìn ó fara mọ́ ọn pé atọ́kọ̀ ni ọ̀pá náà ń fi ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí hàn, nítorí pé ibi tí atọ́kọ̀ dúró sí, àti bí orí ọ̀pá ṣe ga ju ìdí rẹ̀, bá èyí mu. Ohun tó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà: èrò kọ̀ọ̀kan ni ó bi pé, bí ìwọ bá jẹ́ òótọ́, kí ló tún yẹ kó wà?

Ọ̀nà kan náà ló tọ́ fún bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n láìtẹ bíréèkì, ó yẹ kí a yẹ táyà àti bẹ́árìn wò ná. Bó bá jẹ́ sítíárìn ló ń gbọ̀n nígbà tí a tẹ bíréèkì, dísìkì iwájú ni a máa ń fura sí. Bó bá jẹ́ ìjókòó, ti ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn èyí ni mẹkáníìkì yóò gbé aago ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ dísìkì, tí yóò sì yí i lọ́wọ́. Bí ọwọ́ aago bá ń lọ síwá-sẹ́yìn ju bó ti yẹ, ẹ̀bi lè jẹ́ ti dísìkì tàbí ti họ́ọ̀bù. Yóò sàmì sí ibi tó yọ jù lára méjèèjì, yóò tú dísìkì, yóò yí i kúrò ní ipò rẹ̀, yóò sì tún dè é. Bí ibi tó yọ bá bá dísìkì lọ, dísìkì ló jẹ̀bi. Bó bá dúró ti họ́ọ̀bù, họ́ọ̀bù ni. Ẹwà ìdánwò yìí ni pé ó lè sọ fún mẹkáníìkì pé ohun tó ti gbà lọ́kàn kọ́ ni òótọ́. Àbá tí kò sí ìdánwò tó lè já a nírọ́ kò tíì kúrò ní àbá.

Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ ti Yunifásítì Ifẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn Yorùbá lẹ́nu wò lórí ohun tí ènìyàn fi lè sọ pé òun mọ nǹkan, wọ́n sì tẹ ìwé Knowledge, Belief, and Witchcraft jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n bá lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn náà le ju èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè lọ: ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nìkan ló mọ̀, èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀ràn bíréèkì, awakọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, mẹkáníìkì kàn gbà á gbọ́ ni, àfi bí òun náà bá wọ ọkọ̀ dé orí eré tó ti ń gbọ̀n. Mẹkáníìkì mọ ibi tí ọwọ́ aago lọ, awakọ̀ gbà á gbọ́. Èrò tó jókòó sẹ́yìn kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà.

Àwọn olórìṣà wà ní New York tí wọn yóò dárúkọ Ògún nínú ọ̀ràn yìí. Pancho Mora, babaláwo ọmọ Kúbà, ti dé ìlú náà láti 1946, Oseijeman Adefunmi sì dá Yoruba Temple sílẹ̀ ní Harlem ní 1960. Ìbéèrè tí ẹlẹ́sìn ń bi, pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, tó fi jẹ́ ọjọ́ yìí, kì í ṣe èyí tí aago ìwọ̀n lè dáhùn, ẹbọ kò sì ní ha ìpẹtà. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún kò fi ìgbà kan sọ ẹwìrì nù nítorí ìbọ. Síbẹ̀ ẹ̀sìn Ògún ní ohun kan láti sọ fún mẹkáníìkì: irin ni olùsìn rẹ̀ fi ń búra ní kóòtù ní Nàìjíríà, òtítọ́ ló sì gbọ́dọ̀ sọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dá dísìkì lẹ́bi kí ó lè ta òmíràn, láìwọn ohunkóhun, irọ́ ló pa lórí irin, ì báà jẹ́ pé gbígbọ̀n náà lọ.

Ìpínlẹ̀ New York ń béèrè àyẹ̀wò ọkọ̀ lọ́dọọdún, bíréèkì sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Lórí ìwé àyẹ̀wò yẹn ni ìgbàgbọ́ èrò dúró lé. Awakọ̀ ní àǹfààní tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ní kí mẹkáníìkì pe òun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ohunkóhun, kí wọ́n yí dísìkì lójú òun, kí òun sì ka ohun tí aago sọ kí wọ́n tó ha họ́ọ̀bù àti lẹ́yìn tí wọ́n bá hà á tán.